Íméèlì àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń bá wa kó pamọ́: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì Àpápá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá wa kó lẹ́tà àtijọ́ kúrò nílẹ̀, a kì í sì í béèrè ibi tó ń kó o lọ.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀nténà kan ṣoṣo, lẹ́tà tó ń bá a rìn kì í ṣe kékeré: bill of lading (ìwé ẹrù inú ọkọ̀ òkun), packing list (àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹrù), Form M (ìwé ìkówọlé tí báńkì máa ń bá oníbàárà ṣe), PAAR (ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó orí ẹrù), ìwé owó ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ìwé owó tẹ́míná, àti gbogbo “ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un fi ránṣẹ́” tó máa ń wà láàárín wọn. Inú Outlook, ètò íméèlì Microsoft tó wà lórí kọ̀ǹpútà tábìlì mi, ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Nígbà tó fi di 2018, bí mo bá tẹ Outlook láàárọ̀, màá gbá ọ́fíìsì tán, màá nu tábìlì ọ̀gá, kó tó ṣí.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ní kí n fọkàn balẹ̀, ó bá mi tan AutoArchive, apá Outlook tó ń kó lẹ́tà àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ni yóò máa ṣiṣẹ́: lẹ́tà Inbox, ìyẹn àwọn tó wọlé, tó bá ti lé ní oṣù 6, yóò kó o, èyí tí a fi ránṣẹ́ jáde, oṣù 2 ni tiẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Outlook ń ṣí wàràwàrà. Mo ṣàdúrà fún ọmọ náà.

Ohun tí kò sọ fún mi, tí èmi náà kò sì bi í, ni pé bó ṣe ń kó o yẹn, ó ń kó o kúrò lórí server, kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ íméèlì ń tọ́jú lẹ́tà sí, pátápátá ni. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ archive.pst ló ń dà á sí. Orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ni fáìlì náà wà, nínú Documents, nínú folder tí wọ́n ń pè ní Outlook Files. Kò ní ẹ̀dà kankan níbòmíràn.

Ní 2021, ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà tuntun fún mi. Wọ́n fi íméèlì mi sí i, lẹ́tà àìpẹ́ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo rò pé ohun gbogbo ti pé. Wọ́n ta ògbólógbòó yẹn fún ẹnì kan tó ń ra àlòkù.

Ó di 2023. Ọjọ́ Ẹtì ni, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oníbàárà wa kan pè. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò lẹ́yìn tí ẹrù ti jáde ń béèrè ìwé kọ̀nténà rẹ̀ kan ti 2019. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo tẹ nọ́ńbà kọ̀nténà náà síbi ìwákiri, kò gbé nǹkan kan wá. Mo tẹ orúkọ oníbàárà, lẹ́tà oṣù tó kọjá ló gbé wá. Mo bá ń yí i lọ sísàlẹ̀, mo ń yí i lọ, títí mo fi dé lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìparí ọdún 2020 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ẹ̀rọ funfun báláú. Archive.pst ti bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ. Mo ṣì mú mouse dání, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá ìwé yẹn kiri. Díẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀, nítorí pé àwa náà la fi ránṣẹ́ sí i. Form M, báńkì rẹ̀ ló bá a yọ ọ́. Rìsíìtì kan ṣì wà tí kò padà wá títí di òní, ó sì ń dùn mí. Òfin CAMA, òfin tó de àwọn ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Èmi tí mo jókòó ti àkọsílẹ̀ náà, ọdún 2 péré ni mo ní lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń lo Outlook irú èyí, kó wá archive.pst rẹ̀ lónìí, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn. Ẹ má kàn gbé ojúlówó rẹ̀ sórí dísìkì ọ́fíìsì tí gbogbo yín jọ ń lò, kí ẹ máa ṣí i láti ibẹ̀. Microsoft fúnra wọn ní àwọn kò ṣe é fún irú ìlò bẹ́ẹ̀, fáìlì náà lè bàjẹ́. Ẹ̀dà ni kó wà níbẹ̀.

Ta ló tún ní tirẹ̀?

Tíṣà Ọ̀yọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á.

Gmail ni tèmi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, gbogbo àwòrán ìpàdé àti rìsíìtì owó ẹgbẹ́, íméèlì mi ló ń bọ́ sí. Gmail bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2004 pẹ̀lú 1 GB, àwọn ènìyàn rò pé àwàdà ni. Lónìí, 15 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà, fáìlì inú Drive àti àwòrán Google Photos ló jọ ń pín in lò. Láti oṣù kẹfà 2021 tí wọ́n ti ń ka àwòrán tuntun mọ́ ọn ni tèmi ti ń kún.

Mo ní kí n kó lẹ́tà àtijọ́ sí Archive kí àyè lè ṣí. Odindi ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wo òǹkà àyè lálẹ́, kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Archive kò gbé lẹ́tà lọ síbì kankan. Orúkọ Inbox ló yọ kúrò lára rẹ̀. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú All Mail, ibi tí gbogbo lẹ́tà wà, pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fèsì sí i, yóò tún padà sí Inbox.

Èyí tó wá ṣì mí lọ́nà jù lọ ni Filter, àṣẹ tí a ń fún Gmail lórí ohun tí yóò fi lẹ́tà ṣe. Mo kọ older_than:1y (èyí tó ti lé ní ọdún kan) sínú rẹ̀, mo ní kó máa fo Inbox, mo sì fọwọ́ sí i pé kó kan àwọn lẹ́tà tó ti wà nílẹ̀. Ó kó wọn lóòótọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọdún kan kọjá, lẹ́tà tó ti pé ọdún kan tún kún Inbox bámúbámú.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni Filter. Ìgbà tí lẹ́tà bá ń wọlé nìkan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà wo ló máa wọlé lónìí tó máa ti pé ọdún kan?” Mo dákẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi báyẹn rí.

Ohun tó bá mi ṣe ni Google Apps Script, ètò kékeré tí a kọ kó máa bá wa ṣiṣẹ́ nínú Gmail, kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ó ní kó wá in:inbox older_than:1y -is:starred (lẹ́tà inú Inbox tó ti lé ní ọdún kan, tí kò ní ìràwọ̀), kó mú ohun tó bá rí lọ sí Archive, ó sì fi aago sí i kó máa ṣe é ní gbogbo òru. Ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún ló ń kó wọn. Google kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 6 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò parí lóru àkọ́kọ́. Ó tó òru mélòó kan kí Inbox tó mọ́, àmọ́ látìgbà yẹn n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́tà tí n kò bá fẹ́ kó kó, ìràwọ̀ ni mo ń fi sí i.

Ní ti àyè, pípa ló ń ṣí àyè. larger:10M older_than:3y (èyí tó ju 10 MB lọ, tó sì ti lé ní ọdún 3) ni mo fi ṣa àwọn tó wúwo. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tó ṣe pàtàkì sórí kọ̀ǹpútà kí n tó pa á, torí pé lẹ́yìn ọjọ́ 30 nínú Trash, ó lọ nìyẹn.

Àbúrò Mánṣẹ́sítà

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi kò gùn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, lẹ́tà ìpolówó fẹ́ pa mí. Mo ṣe Filter: ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ noreply (àdírẹ́sì tí a kì í fèsì sí) wá, tàbí tó ní ọ̀rọ̀ “unsubscribe” (ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́) nínú, kó fo Inbox, kó wọ Label (àmì tí Gmail fi ń pín lẹ́tà sọ́tọ̀) tí mo pè ní Ọjà, kó sì kà á sí èyí tí mo ti kà. Ó mọ́ tónítóní.

Mo wá ibi iṣẹ́ kan ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Noreply ni lẹ́tà náà ti wá, “unsubscribe” sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Nítorí pé mo ní kó kà á sí kíkà, kò sí nọ́ńbà kankan tó fi hàn mí pé nǹkan wọlé. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí ìpè náà ti kọjá ni mo rí i. Mo sunkún lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó fo Inbox, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àmì sí “Mark as read” láéláé. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń ṣí Label yẹn báyìí, kí n tó lọ aṣọ iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Àpápá

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Olúwa á fi èyí tó dára ju ìyẹn lọ rọ́pò.

Tíṣà, ẹ ṣé fún ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kan lẹ́tà kan, mo ti ní folder fún ọdún kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ rẹ̀, folder fún kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní Form M tàbí PAAR nínú, mo ti sọ fún AutoArchive pé kó má dé ibẹ̀. Orí folder kọ̀ọ̀kan ni ẹ ti lè yan ìyẹn. Lẹ́tà ìkíni àti “ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un fi ránṣẹ́” ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lóṣù, màá so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ, màá ṣe ẹ̀dà archive.pst, màá sì ṣí ẹ̀dà náà gan-an nínú Outlook. Lẹ́yìn náà màá mú nọ́ńbà kọ̀nténà àtijọ́ kan nínú ìwé tí a fọwọ́ kọ, màá wá a nínú rẹ̀. Ti oṣù yìí, ẹ̀rọ ìránṣọ tó wọlé ní 2022 ni mo mú. Packing list rẹ̀ jáde, ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.