Báńkì ìdàgbàsókè ti ìjọba: “àkóyawọ́” ni tàbí “ìjíhìn”?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó dábàá pé kí a máa pe ojúṣe tí àwọn báńkì ìdàgbàsókè ti ìjọba ní sí ará ìlú ní “àkóyawọ́” rò ó jinlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu. “Ìjíhìn” ni èmi fara mọ́.

Àkóyawọ́ kò ju kí a ṣí ìwé sílẹ̀ lọ, ẹni tó sì ṣí ìwé sílẹ̀ lè má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìjíhìn kì í dá dúró ní tirẹ̀: ẹnìkan ni a ń jíhìn fún, lórí iṣẹ́ tí onítọ̀hún rán ni. Owó ìlú ló dúró lẹ́yìn báńkì ìdàgbàsókè, iṣẹ́ tí a sì rán an ni pé kó gbé owó dé ibi tí àwọn báńkì yòókù ń sá fún, nítorí náà èrè tó kọ sínú ìwé ọdún rẹ̀ nìkan kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Nígbà tí àjọ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba àpapọ̀ Brasil wò béèrè àlàyé lọ́wọ́ BNDES, báńkì ìdàgbàsókè ti ìjọba níbẹ̀, nípa owó tó fún ilé iṣẹ́ ẹran ńlá kan, báńkì náà ní àṣírí oníbàárà ni. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ kò gba àwáwí yẹn. Títí dé ibẹ̀, “àkóyawọ́” ṣì tó o sọ.

Ti Jámánì ló ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2008, KfW, báńkì ìdàgbàsókè ti ìjọba Jámánì, fi owó tó lé ní 300 mílíọ̀nù yúrò ránṣẹ́ sí Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ náà gan-an tí ilé iṣẹ́ yìí kéde pé òun ti wọko gbèsè. Kò sí ohun tó pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, gbogbo ayé ti gbọ́. Ohun tí ará ìlú ń béèrè ni ẹni tó yẹ kó dá owó náà dúró tí kò dá a dúró.

Àwọn kan ní “ìjíhìn” jọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìríjú ni àwọn oníwàásù ń lò ó fún, ta sì ni ìríjú bí kò ṣe ẹni tí ohun olóhun wà níkàáwọ́ rẹ̀? Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí a yẹra fún ni “ìjíhìn gbangba”. Gbangba ń sọ ibi tí a ti jíhìn, kò sọ ẹni tí a jíhìn fún. “Ìjíhìn fún ará ìlú” gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni kí a kọ.