Ẹ̀yin olólùfẹ́ Adéṣànyà ní Àkúrẹ́, báwo lẹ ṣe ń wo ìjà rẹ̀?

Ará Ìjàpọ̀

Ẹ kú àìsùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aago kúrò nílẹ̀. Aago New York ni UFC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà MMA (ìjà tí ẹ̀ṣẹ́, ìpàá àti ìjàkadì jọ wà nínú rẹ̀) tí Israel Adéṣànyà ń jà, sábà máa ń fi kéde ìjà. Láti Sọ́ńdè kejì nínú oṣù Kẹta, wákàtí márùn-ún ni Àkúrẹ́ fi ṣíwájú. Tó bá di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, ó di mẹ́fà, torí àwọn Amẹ́ríkà á ti dá aago wọn padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Ìjà bẹ́líìtì, ìyẹn ìjà fún ipò ọ̀gá, ló ń kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn kún un. Ìjà tó ṣáájú lè gba ráúńdì mẹ́ta gbáko, ó sì lè má pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ Sátidé, ẹ má sì ṣí WhatsApp, àwọn tó ń gbé èsì síbẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìjà bẹ́líìtì, ráúńdì márùn-ún ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ mẹ́ta ló ń fún wọn ní máàkì: ẹni tó borí ráúńdì gba 10, ẹnì kejì gba 9, tàbí 8 tí wọ́n bá lù ú bolẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ máàkì tiyín kí ráúńdì tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tó wọlé tó sì dun ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń gba máàkì. Kéèyàn kàn máa lé ẹnì kejì kiri kò tó nǹkan.

Ẹni tó bá fi bébà wo Adéṣànyà àti Alex Pereira ní New York, oṣù Kọkànlá 2022, á mọ ìdí tó fi dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ráúńdì mẹ́rin, 39 sí 37 ni adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ, tiwa ló wà níwájú. Ṣùgbọ́n Pereira ti ń gbá a nípàá lẹ́yìn ojúgun bọ̀. Ibẹ̀ kì í jọ èèyàn lójú bí ẹ̀ṣẹ́ orí, àmọ́ tó bá ti kú, ẹsẹ̀ ò ní gbé ara mọ́, oníjà ò sì ní lè yẹra kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì (ọgbà wáyà tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀). Ẹ̀gbẹ́ kéèjì náà ni Pereira ká a mọ́ nínú ráúńdì karùn-ún tí rẹfirí fi dá ìjà dúró, nígbà tí aago ráúńdì wà ní 2:01.

Ní Miami, oṣù Kẹrin 2023, ìpàá yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ráúńdì kejì wò díẹ̀díẹ̀. Adéṣànyà fẹ̀yìn ti kéèjì, ó fapá méjèèjì bo orí. Pereira rò pé ó ti bùṣe, ó ya wọlé tọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún bà á lórí, ọ̀tún mìíràn tẹ̀lé e, Pereira ṣubú gbì! Aago ráúńdì wà ní 4:21. Ẹni tó ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú kickboxing (ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpàá, láìsí ìjàkadì), lẹ́ẹ̀kan nínú MMA! Lójú tèmi, kò sí ìṣẹ́gun rẹ̀ tó dùn tó ìyẹn.

Ará Ọba-Ilé

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìwọ̀n. Bẹ́líìtì tí Adéṣànyà gbà rí, 185 páùn ni òpin rẹ̀, bíi kílò 84. Wọ́n ń fi páùn kan jìn wọ́n nínú ìjà lásán, wọn kì í fi jìn wọ́n nínú ti bẹ́líìtì. Lóṣù Kẹta 2021, ó gòkè lọ bá Jan Błachowicz níbi 205 páùn, àmọ́ 200.5 péré ló wọ̀n. Ẹ wo ráúńdì kẹrin àti ìkarùn-ún: Błachowicz dá a lulẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú ìjàkadì ilé wa, tí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ó parí. Nínú MMA, aago ṣì ń lọ, ẹni tó wà lókè ló sì ń lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Adájọ́ méjì kọ 49 sí 45 fún Błachowicz, ọ̀kan kọ 49 sí 46. Ẹ máa wo ìwọ̀n ọjọ́ Fúráìdè dáadáa. Tí ojú bá jìn, tí ètè gbẹ, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n lórí òṣùwọ̀n, omi ti gbẹ lára ẹni yẹn, ó sì lè tètè rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ fi Kamaru Usman, oníjà UFC bíi Adéṣànyà, kún un, wọ́n bí i ní Auchi, aládùúgbò wa ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Oṣù Kẹjọ 2022, òun náà ló wà níwájú. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, Leon Edwards fi ọwọ́ òsì díbọ́n, Usman yẹ orí, ibi tó yẹ̀ ẹ́ sí gan-an ni ẹsẹ̀ òsì ti pàdé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ibi tí oníjà yín ń yẹ orí sí, torí alátakò náà ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, ibì kan ni mi ò ti gbà pẹ̀lú yín: ibi tẹ́ ẹ ti ní kéèyàn kàn máa lé ẹnì kejì kiri kò tó nǹkan. Sean Strickland lé Adéṣànyà kiri ní Sydney lọ́dún 2023, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì ń wọlé bó ṣe ń lé e. Ó tiẹ̀ lù ú ṣubú nínú ráúńdì àkọ́kọ́. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ 49 sí 46 fún un.