Kí ló ń mú ìdí ọkọ̀ eré-ìje oní-rímótù mi fò síta bí mo bá jọ̀wọ́ iná ní kọ́nà?

Ọmọ Ìgbógbó, Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ oní-rímótù, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkọ̀ mi jẹ́ bọ́gì, irú ọkọ̀ eré-ìje tí a ń sá lórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà, títóbi rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni mọ́tò rẹ̀ ń yí, bátìrì LiPo (irú bátìrì lítíọ́mù tí a ń gba iná sí) oní-sẹ́ẹ̀lì méjì ló sì ń lò. Ilẹ̀ pupa kan tí wọ́n fi katapílà tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbógbó, tí ẹni tó ni ín kò tíì kọ́lé sí, ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sá a. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ náà máa ń di táyà mú bí ẹni pé wọ́n fi àtè sí i, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti pa á fún ọjọ́ méjì, eruku lẹ́búlẹ́bú á bo ojú rẹ̀, ìgbà yẹn ni wàhálà mi ń bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá fún un níná lójú ọ̀nà tó gún, ìyẹn bí mo bá fi ìka tẹ ohun tó ń mú un sáré lórí rímótù, ó ń lọ geere. Àmọ́ bí mo bá ti jọ̀wọ́ iná kí n lè yà sí kọ́nà, ìdí rẹ̀ á fò síta, ọkọ̀ á sì yí kọjú síbi tó ti ń bọ̀, pàápàá bí mo bá ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Ẹnìkan sọ pé kí n fi sípíríǹgì tó le sẹ́yìn kí ó lè gbé ìdí rẹ̀ ró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún burú sí i. Owó ń lọ, n kò sì fẹ́ máa ra nǹkan bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Ẹ̀pẹ́:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o sọ ìgbà tí ìdí ọkọ̀ náà ń yọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Ọkọ̀ tó ń yọ̀dí nígbà tí ẹni tó ń wà á bá ń fún un níná láti jáde nínú kọ́nà ní àrùn tirẹ̀. Èyí tó ń yọ̀dí nígbà tí iná kò sí mọ́, bíi tìrẹ, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí o bá jọ̀wọ́ iná, ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ̀ síwájú. Imú á rì, ìdí á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn kò sì ní rí ohun tí yóò fi di ilẹ̀ mú mọ́. Bí a bá tún wá lo sípíríǹgì tó le lẹ́yìn, a ti dín ìdìmú táyà ẹ̀yìn kù nìyẹn. Lójú ilẹ̀ tó ń yọ̀, sípíríǹgì rírọ̀ ló ń jẹ́ kí táyà tẹ̀lé ilẹ̀. Yọ ọ́, kí o dá ti tẹ́lẹ̀ padà lónìí.

Lẹ́yìn náà, wo ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bu iná fún mọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ètò kan tó ń tẹ bíréèkì díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìka bá ti kúrò lórí iná. Ó wúlò fún ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, ṣùgbọ́n lára tìrẹ, ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì yẹn ń dì. Ronú awakọ̀ tó fa bíréèkì ọwọ́ láàárín kọ́nà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Fi sí òdo, kí o tún lọ sá a.

Bí ó bá ṣì kù díẹ̀, sún bátìrì sẹ́yìn bí ààyè bá wà, tàbí kí o fi sípíríǹgì tó fi ìpele kan le sí iwájú, kí imú má baà tètè rì. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́: má ṣe yí ohun tó ju ẹyọ kan lọ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ra ìwé kékeré kan, kọ ohun tí o yí sínú rẹ̀, sá ìyípo márùn-ún, kọ ohun tí o rí. Bátìrì tó kún, tó jẹ́ fóòtì 8.4, ni kí o máa fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí bí agbára bá ti ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á rọ̀ lọ́wọ́, ìwọ á sì rò pé àtúnṣe rẹ ló ṣiṣẹ́.

Ará Àgbádárìgì:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n láti Ẹ̀pẹ́ sọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè náà tí n kò fẹ́ ká fò kọjá: o ní ó burú jù bí o bá ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Bíréèkì kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọkọ̀ tí apá kan rẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì ni eléyìí, bí o kò bá sì kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe, gbogbo àtúnṣe yòókù, orí wíwọ́ lo gbé e lé.

Gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì tó tẹ́jú. Mú ọ̀bẹ, fi orí rẹ̀ sábẹ́ ìdí ọkọ̀ ní àárín gbùngbùn, kí o rọra máa gbé e sókè. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì, ìwúwo kò pín dọ́gba. Ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú pẹ̀lú.

Tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì sílẹ̀, bọ́ sípíríǹgì wọn kúrò, kí o wá dojú ọ̀pá wọn kọ ara wọn, kí o tì wọ́n pọ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa wọlé ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti dín. Gbé e sétí kí o rọra tì í: bí o bá gbọ́ tó ń dún ṣúrú-ṣúrú bí ẹni tó ń fa ẹ̀kọ mu, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Níhìn-ín, iyanrìn etí òkun ló ń bá wa jà. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, ó ń ha rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀, ọ́ìlì á sì máa jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn rí i. Eruku pupa yín lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bí o bá ń bu òmíràn sí i, ọ́ìlì sílíkóònù ni kí o lò, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Rọra gbé písítìn náà lọ sókè sódò, gbé e kalẹ̀ títí gbogbo hóró atẹ́gùn yóò fi jáde, kí o tó dé e. Ooru máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì yìí ṣàn sí i, nítorí náà ọ́ìlì tó ki díẹ̀ ju èyí tí ìwé àwọn ará ilẹ̀ òtútù sọ lọ ló máa ń bá ọ̀sán wa mu.

Lákòótán, wo táyà ẹ̀yìn láti òkè: etí iwájú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀, dígírì 3 ló wọ́pọ̀ fún irú ọkọ̀ yìí, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba.

Ará Ẹ̀pẹ́:

Mo fara mọ́ ọn. Ojú mi kọjá ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún yẹn lóòótọ́. Àmọ́ má ṣe fi kún dígírì 3 náà o, àbúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, táyà á máa wọ́lẹ̀, eré ojú ọ̀nà gígùn á sì dín kù.

Ọmọ Ìgbógbó, Ìkòròdú:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àbọ̀ rèé. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn apá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ; nígbà tí mo tì í mọ́ èkejì, ó wọlé tán kí ti ọ̀tún tó dé ìdajì. Ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn gan-an ni ìwúwo máa ń tẹ̀ sí bí mo bá ń yà sọ́tùn-ún. Mo pààrọ̀ rọ́bà ẹnu àwọn méjèèjì, mo bu ọ́ìlì tuntun sí wọn, mo dá sípíríǹgì rírọ̀ padà, mo sì lọ sá ìyípo márùn-ún kí n tó fọwọ́ kan ESC. Yíyà ọ̀tún àti òsì ti dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdí ṣì ń yọ̀ níhà méjèèjì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo wá yẹ ESC wò, mo sì bá bíréèkì náà ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo fi sí òdo.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lórí eruku gbígbẹ, mo jọ̀wọ́ iná ní kọ́nà tó ṣòro jù nínú pápá wa, ìdí ọkọ̀ náà sì tẹ̀lé imú rẹ̀ títí tó fi jáde. N kò tíì fọwọ́ kan bátìrì tàbí sípíríǹgì iwájú. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan yóò gbé ọ̀bẹ sábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé.