Áàpù ìyàwòrán wo ni kí n fi sórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android?

Gègé_Tútù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Mo fẹ́ máa fi tábúlẹ́ẹ̀tì Android ya èèpo ìwé A4 tí wọn yóò tẹ̀ sórí bébà, àti kọ́míìkì olójú ewé mélòó kan. RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, kálàmù rẹ̀ sì bá a wá nínú páálí. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń kan sáárá sí Procreate. Krita àti ibisPaint ńkọ́? Ṣé ti ọ̀fẹ́ tó, àbí kí n kúkú wá owó áàpù? Ohun kan tún wà níbẹ̀: bí mo tẹ kálàmù tagbára-tagbára, bí mo rọra fà á, bákan náà ni ìlà ń rí. Ṣé áàpù ló ń fà á ni?

Àwọ̀Aró:
Ẹ gbàgbé Procreate. Ti iPad ni, wọn ò ṣe ti Android. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lórí Play Store kì í ṣe tiwọn. Adobe Fresco náà kò sí fún Android. Krita, ibisPaint, Clip Studio Paint, Infinite Painter, MediBang àti Sketchbook ló wà fún yín.

Ṣùgbọ́n kálàmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó ní rọ́bà rògòdò lẹ́nu, ìka ọwọ́ lásán ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń kà á sí, kò sì sí áàpù tó lè mọ bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. S Pen ti Samsung mọ títẹ̀, kò sì nílò bátìrì kó tó lè yàwòrán. Ẹ má fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan dá a mọ̀ o: Apple Pencil oní-USB-C tó jáde ní 2023 kò mọ títẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn Apple Pencil yòókù mọ̀ ọ́n.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fa ìlà gígùn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí ó bá nípọn nínú ọ̀kan, tí kò nípọn nínú èkejì, búrọ́ọ̀ṣì ni. Bí kò bá nípọn nínú ọ̀kankan, ẹ wo sẹ́tìn áàpù bóyá ẹ ti yan kálàmù níbẹ̀. Bí ẹ ti yàn án tí kò sì yí padà, kálàmù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rúlà oníke lé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ rọra fa ìlà tó dagun. Bí ìlà náà bá rí kọ́lọkọ̀lọ, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ áàpù kò ní wò ó sàn. Stabilizer, irinṣẹ́ inú áàpù tó ń mú ìlà tọ́, máa ń bo díẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sókè ni ìlà á máa rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹnu kálàmù.

Páálí_Funfun:
RAM yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. A4 tí wọn yóò tẹ̀ ní píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan jẹ́ 2480 × 3508. Báìtì 4 ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí náà layer kan tó kún (ìpele àwòrán kan, bí ike tó mọ́ gaara tí ẹ ń tò léra wọn) jẹ́ nǹkan bíi 35 MB. Tí layer bá di 20, ó ti di 700 MB, a ò sì tíì ka ibi tí áàpù ń tọ́jú ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ lè dá padà. Android fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú 4 GB yẹn. Ìdí nìyẹn tí áàpù fi máa ń fà, tàbí kó kàn pa dé lójijì. Ẹ máa pa layer tẹ́ ẹ ti parí pọ̀ sí ọ̀kan.

Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ yà á ní kékeré, kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ tó bá yá. Etí àwòrán á di bàìbàì.

Fún èèpo ìwé, ilé ìtẹ̀wé sábà máa ń fẹ́ mílímítà 3 lé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ọ̀bẹ máa gé kúrò, ẹ béèrè iye tí tiyín ń fẹ́. Pẹ̀lú mílímítà 3 yẹn, ojú kan á di 2551 × 3579. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ìwé pọ̀ sójú kan, ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì, 4 GB á sì máa mí hẹlẹ. Ẹ yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dà_Mẹ́ta:
Krita ni tèmi. Ọ̀fẹ́ pátápátá, kò sí ìpolówó ọjà, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò lóǹkà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní CMYK, ètò àwọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ìtẹ̀wé: búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń ṣá tí wọ́n bá dórí bébà.

Àwọ̀Aró:
@Ọ̀dà_Mẹ́ta, mi ò bá yín jiyàn lórí búrọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe Krita fún tẹ́lẹ̀; bọ́tìnnì rẹ̀ wẹ́wẹ́ jù fún ìka, ó sì wúwo fún 4 GB. Kí wọ́n yà á nínú ibisPaint tó fúyẹ́, kí wọ́n gbé PSD rẹ̀ (irú fáìlì tó ń pa àwọn layer mọ́) lọ sínú Krita lórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àwọ̀. ibisPaint ọ̀fẹ́ ń gbé ìpolówó wá, àwọn búrọ́ọ̀ṣì kan sì wà tí ẹ ó wo ìpolówó kó tó ṣí. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni.

Ti kọ́míìkì ni mo fi lè sọ pé kẹ́ ẹ sanwó. Clip Studio Paint ní vector layer, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti dá dúró tí ẹ lè tún un ṣe, tí ìrésà rẹ̀ lè gé ìlà dé ibi tó ti pàdé ìlà mìíràn, kó sì dúró síbẹ̀. Ó dín iṣẹ́ kù gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ EX ló ń kó ojú ewé púpọ̀ pọ̀ sínú iṣẹ́ kan, kì í ṣe ẹ̀yà PRO, owó rẹ̀ sì jẹ́ sísan léraléra lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Gègé_Tútù:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dán an wò: búrọ́ọ̀ṣì méjì nípọn, ọ̀kan kò yí padà. Ìlà tí mo fi rúlà fà náà tọ́.

Ọ̀dà_Mẹ́ta:
Kálàmù yín pé nígbà náà. Nínú sẹ́tìn búrọ́ọ̀ṣì kẹta yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti so ìtóbi mọ́ títẹ̀, kẹ́ ẹ tan án. Nínú Krita, abẹ́ Size ló wà, ẹ fi àmì sí Pressure. Tí ìlà bá ń nípọn kíákíá jù, ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà wálẹ̀.

Páálí_Funfun:
Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: inú ibi ìpamọ́ áàpù fúnra rẹ̀ ni ibisPaint ń kó iṣẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá yọ áàpù kúrò láìkó wọn jáde, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ máa gbé PSD jáde síta lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe PNG nìkan, torí PNG kò ní layer.