Àbúrò mi fẹ́ ṣe abẹ ìdí lẹ́ẹ̀kan sí i, owó àjọ mi ló sì ń wò

Ẹlẹ́ja Olúwo: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ń gbé lápá Ajah. Ẹni ọdún 36 ni, ó ti bímọ méjì.

Lẹ́yìn ọmọ kejì, awọ ikùn rẹ̀ rọ̀, kò wọlé mọ́. Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé awọ tó pọ̀ jù, wọ́n rán an. Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Ó jinná, ó dáa, inú gbogbo wa dùn sí i. Mi ò ní parọ́ mọ́ ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni BBL. Wọ́n fa ọ̀rá lẹ́yìn àti nítan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sínú ìdí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa títí ó fi wálé fún ọdún Kayokayo. Láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́, orí ìkúnlẹ̀ ló wà lórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Màmá ro ẹ̀bà, ìdúró ló fi jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Nígbà tí mo ń bá a wẹ̀yìn lálẹ́, ọwọ́ mi kan kókó kan ní ìdí ọ̀tún, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ó ní dókítà ní ó máa yọ́.

Oṣù mẹ́jọ rèé, kò yọ́. Ó wá ní òun fẹ́ padà lọ kí wọ́n fi kún apá òsì kó lè bá ọ̀tún dọ́gba, kí wọ́n sì bá òun gbé imú dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà. Ó mọ̀ pé èmi ni mo máa kó àjọ oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí n yá òun, kí n má jẹ́ kí màmá gbọ́.

Mo ní kó fi bó ṣe fẹ́ rí hàn mí. Ó gbé fóònù jáde. Mo wò ó títí. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ni, ó ti fi fóònù fún ìbàdí ẹ̀ wọlé, débi pé férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà tẹ̀ bí ọrun.

Bí mi ò bá fún un, ó ní òun á yá a lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Má fún un. Ọ̀rọ̀ tèmi tán.

Àlàájà Aláṣọ: Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwà lẹwà. Ẹ sọ fún un pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a.

Ọmọ Àgbádárìgì: Àlàájà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwà lẹwà pa ẹnu ọmọlọ́mọ mọ́. Èmi náà ṣe ikùn ní 2019, mi ò kábàámọ̀. Tí awọ bá ń họ ènìyàn lábẹ́ ikùn, tó ń dégbò nígbà ooru, ìwà ò lè gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ ìdí tó dì yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Àǹtí ẹlẹ́ja, ṣé dókítà tó ṣe é ti rí kókó yẹn?

Ẹlẹ́ja Olúwo: Ó ní àwòrán lòun fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó máa fọwọ́ ra á.

Ọkọ Alálùbọ́sà: Ẹ̀yin obìnrin! Ẹ jẹ́ kó ṣe é, ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ̀gbádùn 😂

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ẹ lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ rí kí n tó kó wá sí Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ọ̀rá tí wọ́n bá rọ síbòmíràn gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kó tó lè wà láàyè. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ máa kú, ara á fa òmíràn lára ẹ̀ mu, òmíràn á sì dì gbandi síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí apá kan fi máa ń kéré ju ìkejì lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ dunjú náà lè bá a pàdé. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ṣùgbọ́n kókó oṣù mẹ́jọ kọ́ ni wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò. Ó gbọ́dọ̀ lọ ṣe skáànù. Kó sì béèrè dáadáa bóyá ọ̀rá ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n rọ, torí àwọn kan ń rọ sílíkónì olómi, ìyẹn sì lè máa rìn káàkiri ara lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá gbóná, tó pọ́n, tàbí tí ibà mú un, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọsibítù.

Èyí tó ń pa ènìyàn nínú BBL ni pé kí abẹ́rẹ́ wọ inú iṣan ìdí. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà níbẹ̀. Tí ọ̀rá bá kó sínú wọn, ọkàn ló ń lọ, láti ibẹ̀ á lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà lè kú kó tó kúrò lórí tábìlì. Nínú ìwádìí kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà fúnra wọn gbé jáde ní 2017, wọ́n ní ó tó ẹnì kan nínú nǹkan bíi 3,000 tó ń bá a lọ. Wọ́n wá ṣe òfin láàárín ara wọn pé abẹ́ awọ nìkan ni kí ọ̀rá máa wọ̀. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, ìjọba ní dókítà kan ò gbọ́dọ̀ ṣe ju mẹ́ta lọ lójúmọ́. Wàyí o, ìdí tí àpá ti wà nínú rẹ̀ ni àbúrò yín tún fẹ́ kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀.

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú: Ẹ rántí ìyàwó Ọbásanjọ́, Stella. Ìyàwó ààrẹ ni o, kì í ṣe pé kò rówó lọ ibi tó dáa. Sípéènì ló ti lọ ṣe ti ikùn ní October 2005, ibẹ̀ ló kú sí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé 60 ọdún. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi ní 2009.

Nǹkan kan sì wà tí mo fẹ́ sọ. Yorùbá ti ń fi abẹ ṣe ẹwà tipẹ́tipẹ́. Ilà pélé, fínfín, etí lílu. Ìyá ìyá mi fín apá méjèèjì. Olóòlà á kọ ọ́, ó á jinná, ó tán nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan padà tọ olóòlà lọ pé pélé ọ̀tún gùn ju tòsì lọ, kó wá bá òun fi kún un.

Nọ́ọ̀sì Sábó: Bàbá, ẹ ti sọ ibi tó ń dùn mí. Àìsàn ìrònú kan wà tó jẹ́ pé àléébù tí ẹlòmíràn ò rí ni ènìyàn á máa rí nínú dígí tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá tún ibí ṣe, á rí tọ̀hún. Mi ò sọ pé ó ti mú un o, mi ò rí i. Àmọ́ férémù tó tẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ mú un lọ ọsibítù Ìgbóbì, wọ́n ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe níbẹ̀. Ibikíbi tó bá sì tún fẹ́ lọ ní Èkó, kó wádìí bóyá HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé ìwòsàn, fọwọ́ sí ilé ìwòsàn náà, bóyá orúkọ dókítà sì wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àlàájà Aláṣọ: Nọ́ọ̀sì, o ṣeun. Ẹlẹ́ja, má jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó o. Wọ́n á fi orúkọ gbogbo yín ránṣẹ́ káàkiri. Owó skáànù ni kó o fún un.

Ẹlẹ́ja Olúwo: Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti dákẹ́, ẹ má bínú.

Mo ní kó wá bá mi lọ́jà. Ó dé nígbà tí mo ń họ ìpẹ́ ẹpìyà lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó sórí àpótí mi, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní láti oṣù kẹta ni dókítà yẹn kò ti gbé ìpè òun mọ́. Ẹlòmíràn ló fẹ́ lọ bá báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i. Mo ka gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sétí ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀dọ̀fóró, ó ní kí n tún un kà.

A ń lọ Ìgbóbì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà mi nínú àjọ pẹ̀lú ẹni tó tẹ̀ lé mi, kí owó má bàa sí lọ́wọ́ mi tó bá tún bẹ̀ mí. Kò tíì gbà láti sọ fún màmá. Ọ̀rọ̀ imú náà, kò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó ra àrọ̀ méjì lọ́wọ́ mi kó tó lọ, mi ò gba owó, ó sì dúró nínú mọ́tò lọ sílé.