Ìrírí mi gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa. Mo ti fara balẹ̀ ka ìrírí tí àwọn tí ó ṣáájú mi kọ nípa ohun tí akẹ́kọ̀ọ́jáde lè ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni ó gba ẹnu ọ̀pọ̀ wa: ta ni yóò kọ́ ilé, ta ni yóò ra ẹ̀rọ, ta ni yóò gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ọmọ tí ó bá mókè jù. Èmi kò sọ pé owó kò dára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn fún ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ohun tí ojú mi ti rí ti jẹ́ kí n gbà pé ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ń ṣiṣẹ́ jẹun lójoojúmọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ nílò jù, kódà nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbègbè Ìkòròdú níbí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé síta láìgba àṣẹ.

Iléeṣẹ́ kan ní Odogunyan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí a ń pè ní QC, níbi tí a ti ń yẹ ọjà wò kí ó tó jáde. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń wá ẹni tí yóò wọ ìgbìmọ̀, àwọn ọ̀gá ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn. Olórí ẹ̀ka kan ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n fi àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì ń kan ìgò kẹ́míkà kún un. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, nítorí pé ohun tí ó sọ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ wa dúró lé lórí.

Ní ìpàdé tí a kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú àwọn olùkọ́, ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ kí a bá àwọn rà gùn gan-an. Ẹ̀rọ pH, tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, wà lókè níbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo èyí tí ó wà nílẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa, tí ó ti pẹ́ ní iléeṣẹ́ tí ń ṣe ohun mímu, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ wo èyí tí ó bàjẹ́ náà. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wa. Àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú páálí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pá gíláàsì wọn, tí orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ó sì rí róbótó, ti gbẹ pátápátá, iyọ̀ funfun sì ti yi mọ́ wọn lára. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Èyí kò kú. Òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́.” Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀pá yìí kò gbọ́dọ̀ gbẹ láé, pé inú omi iyọ̀ potassium chloride ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, àti pé kódà omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi kò dára fún un, nítorí pé irú omi bẹ́ẹ̀ a máa fa èròjà inú ọ̀pá náà jáde. A rẹ wọ́n sínú omi iyọ̀ náà mọ́jú. Nígbà tí a fi omi buffer 4 àti 7, ìyẹn omi tí a ti mọ pH rẹ̀ tẹ́lẹ̀, dán wọn wò ní ọjọ́ kejì, díẹ̀ nínú wọn jí. Èyí tí kò jí, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni a rà, a kò ra odidi ẹ̀rọ.

Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe owó tí kò jáde. Ìyá kan wà ní yàrá ìwádìí náà tí ó jẹ́ tẹkinọ́lọ́jíìsì níbẹ̀ láti ìgbà tí àwa fúnra wa wà ní akẹ́kọ̀ọ́; Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó dúró sí ẹ̀yìn wa nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé, ó sì wá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń béèrè fún omi iyọ̀ yẹn. Wọ́n ní kò sí nínú ìwé ìnáwó.” Màmá mọ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àga fún un níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí ẹ̀ka yóò rà. Ìmọ̀ràn tí a kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò ju pé kí àwọn tẹkinọ́lọ́jíìsì máa bá wa jókòó ní ìpàdé, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan fajú ro. Wọ́n gbà níkẹyìn, mo sì lè sọ pé kò tíì sí ìmọ̀ràn mìíràn tí a gbà wọ́n tí ó so èso tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà dá owó jọ, wọ́n ra centrifuge, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ìyípo kíákíá ya ohun tí ó wúwo kúrò lára omi, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e ránṣẹ́. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n iná 120 volts ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwa sì jẹ́ 230 sí 240. Kò sí ẹni tí ó béèrè, kò sì sí ẹni tí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n ti ki wáyà rẹ̀ bọ iná ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Transformer kékeré kan tí ń dín agbára iná kù ì bá ti gbà á là. Láti ìgbà náà, kí ẹgbẹ́ tó na kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ kankan, ìgbìmọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè: irú iná wo ni ó ń lò, ta ni ó lè tún un ṣe ní Èkó níbí, kí ni yóò máa jẹ lóṣooṣù, ta ni yóò sì máa san án? Ẹ wo ẹ̀rọ AAS tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ láti fi wọn irin àti òjé nínú omi tàbí oúnjẹ. Gáàsì acetylene ni ó sábà máa ń lò, lámpù ọ̀tọ̀ sì ni ti irin, ọ̀tọ̀ ni ti òjé, ọ̀tọ̀ ni ti bàbà. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ náà tí kò ra lámpù rẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n wà lókè òkun wúlò fún wa gan-an lórí irú ìbéèrè báyìí, nítorí pé wọ́n mọ ẹ̀rọ náà ju àwa lọ. Ìpàdé orí Zoom kan kí a tó rajà dára ju kọ̀ǹténà kan lọ.

Nípa ẹ̀kọ́ gan-an, ibi tí mo ti rí ayọ̀ jù ni ti omi. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkòròdú yóò mọ omi kànga ẹ̀rọ tí ń mọ́ gaara bí ó ti ń jáde, tí yóò sì pọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Irin tí ó yòrò sínú omi náà ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á di ìpẹtà. Síbẹ̀, kẹ́míkà inú ìgò nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò fún iṣẹ́ àṣefihàn, iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde wọn sì ti di ohun tí wọ́n ń dà kọ láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣáájú. A dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bu omi ilé rẹ̀ wá. Ìlànà Nàìjíríà fún omi mímu ní irin kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, pH rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.5 sí 8.5, nítorí náà, iye tí wọ́n bá rí ní ohun tí wọ́n lè fi wé.

Ọmọbìnrin kan tí ó ti Ìgbógbó wá rí i pé iye irin nínú omi rẹ̀ kéré ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ó tún un ṣe, kò yàtọ̀. Olùkọ́ rò pé kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ní kí ó gbé ìgò rẹ̀ wá: ìpẹtà ti sọ̀ sí ìdí ìgò, orí omi nìkan ni ó ń fà sókè. Ohun tí a ń ṣe níbi iṣẹ́ ni mo sọ fún un, pé láti ẹnu ẹ̀rọ omi gan-an ni a ti ń kán ásíìdì nitric díẹ̀ sínú ìgò, títí pH omi náà yóò fi lọ sílẹ̀ ju 2 lọ, kí irin má bàa sọ̀ sílẹ̀, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ó lọ bu òmíràn. Nígbà tí iye rẹ̀ jáde, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé láti ilé ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.” Olùkọ́ náà, kí Ọlọ́run bù kún un, kò bínú rárá, ó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àṣefihàn ẹ̀ka lọ́sẹ̀ náà.

A ti ń wo ìrẹsì báyìí. Iléeṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní Imọta ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tí wọ́n ní ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, kò jìnnà sí wa. Ìrẹsì tí ọ̀rinrin rẹ̀ bá ju ìdá 14 nínú 100 lọ kì í pẹ́ bu nínú àpò. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi ààrò gbẹ nǹkan láti mọ ọ̀rinrin rẹ̀ ti wà nínú ìwé wọn tipẹ́. Kí wọ́n kàn fi ìrẹsì ṣe é.

Ti IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní iléeṣẹ́, náà ṣe pàtàkì. Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, dá ètò IT yìí, tí a ń pè ní SIWES, sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọmọ á gba lẹ́tà, á máa ti ẹnu géètì kan dé òmíràn ní Odogunyan, bí ó bá sì rí àyè, wọ́n lè fi í sí ìdí fáìlì tàbí kí wọ́n máa rán an lọ ra oúnjẹ. Olùdámọ̀ràn tí ó wà nínú iléeṣẹ́ lè bá ọ̀gá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí lẹ́tà tó dé, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lọ: bí a ṣe ń mú àpẹẹrẹ ọjà, bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ wò kí a tó lò ó, ìdí tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo máa ń ka ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé yunifásítì kò lè gba irú ìmọ̀ràn báyìí nítorí pé Àbújá ni ẹ̀kọ́ wọn ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú CCMAS, ìyẹn ìlànà ẹ̀kọ́ fún àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ìdá 70 nínú 100 ni NUC, àjọ tí ń mójú tó yunifásítì láti Àbújá, là sílẹ̀. Ìdá 30 tí ó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni yóò pinnu rẹ̀. Láti ọdún 2022 tí LASPOTECH, ilé-ẹ̀kọ́ póli ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti di yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú níbí, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti Ìjànìkín àti Ẹ̀pẹ́ náà sì para pọ̀ di yunifásítì, ìdá 30 yẹn ti wọ àdúgbò wa. Ta ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ohun tí iléeṣẹ́, oko àti ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ nílò?

Ààlà wà o. Olùdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ dá sí ọ̀rọ̀ máàkì, kò gbọ́dọ̀ mú orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún ìgbàwọlé, kò sì gbọ́dọ̀ fo olórí ẹ̀ka lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Nígbà tí àjọ tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bá sì ń bọ̀, tí ẹnìkan bá dá a lábàá pé kí a yá ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wa wá fi tẹ́ tábìlì, kí ó kọ̀. Èmi ti kọ̀, n ó sì tún kọ̀.

Ohun tí a ń bá fà lọ́wọ́ báyìí ni owó kẹ́míkà àti omi iyọ̀, àwọn nǹkan kéékèèké tí ń tán lóṣooṣù tí kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. A ti dábàá pé kí ẹ̀ka máa bá àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá ní àdúgbò ṣe àyẹ̀wò omi wọn fún ìlò tiwọn, kí owó rẹ̀ máa wọ inú àpò yàrá ìwádìí tààrà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìṣúná ní àpò kan ṣoṣo ni gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, bí ilé-ẹ̀kọ́ tiyín bá ti rí ọ̀nà gbà lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà?