Igi apá fún férémù ilẹ̀kùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ilé ìyá mi di lẹ́búlẹ́bú, ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n la ìtì apá tó wà lóko wa sí pákó. Mi ò fẹ́ igi mìíràn: apá le, kì í sábà wọ́ tó bá ti gbẹ, ikán kì í sì í rí inú pupa rẹ̀ jẹ. Òótọ́ ni pé ẹnu ayùn ń kú lára rẹ̀, ìṣó ò sì wọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ lu ihò.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé òjò pa pákó kan tí mo gbé ti ògiri. Omi aláwọ̀ ìyeyè ṣàn jáde lára rẹ̀, ó kun ògiri funfun, fífọ̀ ò sì mú un kúrò. Bí mo bá fi fáníìṣì kùn ún, ṣé yóò dẹ́kun? Igi funfun tó wà lábẹ́ èèpo ńkọ́, ṣé kí n gé gbogbo rẹ̀ dànù? Àwọn kan ní kí n sá pákó náà sóòrùn kó lè tètè gbẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má baà sán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo apá rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń tò ó kó tó gbẹ, oṣù mélòó ló sì ń gbà?